Àwàdà Ni Ojú Kejì Àárò: Àyẹ̀wò Eré Return to Monkey Island

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń rìn síwájú ni ó ń bojú wẹ̀yìn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yìn náà ni yóò tẹjú mọ́ tí yóò fi fẹsẹ̀ kọ. Ohun tí ń fa ojú ẹni sẹ́yìn báyìí ni Yorùbá ń pè ní àárò. Àárò wà nínú ewì, ó wà nínú orin, ó sì wà nínú ìtàn àròsọ. Ohun tí ó lè ya àwọn òǹkàwé wa lẹ́nu ni pé ó ti ta gbòǹgbò nínú ẹ̀yà iṣẹ́ ọnà kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀, èyíinì ni eré orí kọ̀ǹpútà, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí géèmù.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ eré kan wò fínnífínní, kí a má baà máa sọ̀rọ̀ káàkiri. Eré náà ni Return to Monkey Island, tí a lè pè ní Àpadàbọ̀ sí Erékùṣù Ọ̀bọ. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ó jáde. Ron Gilbert àti Dave Grossman ni wọ́n kọ ìtàn inú rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, àbọ̀ ni. Àlọ rẹ̀ ni The Secret of Monkey Island, Àṣírí Erékùṣù Ọ̀bọ, tí àwọn méjì wọ̀nyí pẹ̀lú Tim Schafer ṣe ní ilé iṣẹ́ Lucasfilm Games, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1990. A kò lè gbọ́ àbọ̀ yé bí a kò bá mọ àlọ. Nítorí náà, méjèèjì ni a ó yẹ̀ wò.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan akọ́nilédè Yorùbá nínú irú nǹkan báyìí. Èsì wa kò ju méjì lọ. Èkíní, eré yìí ní àhunpọ̀ ìtàn, ó ní ẹ̀dá ìtàn, ó ní ibùdó ìtàn, ó sì ní ìlò èdè. Irin iṣẹ́ tí a fi ń yẹ ìtàn àròsọ wò kò ní í kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Èkejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe irú eré wọ̀nyí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ohun tí wọ́n rí nínú wọn, ‘ó dùn’ tàbí ‘ó pa mí lẹ́rìn-ín’ ni wọn yóò sọ, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ẹni tí ó bá gbé irú èsì bẹ́ẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò mọ ohun tí yóò kó jáde.

Ìtumọ̀ àárò àti àwàdà

Àárò ju ìrántí lásán lọ. Ẹni tí ó rántí pé òun jẹ iyán lánàá kò tíì ní àárò. Ìrántí tí ó ní ìfà nínú ni àárò: ohun tí a rántí ti lọ, ọkàn wa kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí bí a ti ń sọ ọ́ lédè wa. A kì í sọ pé ènìyàn ń sọ àárò. ‘Àárò ń sọ mí’ ni à ń wí. Àárò ni olùwà nínú gbólóhùn náà, ènìyàn ni àbọ̀. Èdè wa ti tipa bẹ́ẹ̀ kìlọ̀ fún wa pé àárò lè di ọ̀gá ẹni.

Ọ̀nà méjì ni a ó pín àárò sí nínú iṣẹ́ yìí. A ó pe èkíní ní àárò olójú kan. Adùn àná nìkan ni irú rẹ̀ ń rí. Ẹni tí ó ń ṣe yóò sọ pé oúnjẹ ayé àtijọ́ dùn ju ti ìsinsìnyí lọ, yóò sì gbàgbé ebi ayé àtijọ́. A ó pe èkejì ní àárò olójú méjì. Eléyìí rí adùn àná, ó sì tún rí i pé àná ti lọ, àti pé ẹni tí ó ń ṣèrántí pàápàá ti yàtọ̀ sí ẹni tí ó jẹ́ nígbà náà.

Ní ti àwàdà, Yorùbá kì í pa á pọ̀ mọ́ yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a bá ṣàwàdà a máa bá wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ará Kétu àti Ẹ̀gbádò ń ṣe lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tún ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì ń sọ òótọ́ tí a kò lè sọ lójú ọ̀sán. Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé irú iṣẹ́ yìí gan-an ni àwàdà ń ṣe nínú Return to Monkey Island. Àwàdà ni ojú kejì tí eré náà fún àárò. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, àárò tí yóò ṣẹ́ kù yóò fọ́jú kan, yóò sì máa bínú.

Ìtàn inú eré àkọ́kọ́ ní ṣókí

Olú ẹ̀dá ìtàn ni Guybrush Threepwood, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ idà á jà, tí kò ní ọkọ̀, tí kò sì ní ẹ̀gbẹ́. Ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù Mêlée ní òkun Karibíà, ó ní ọlọ́ṣà orí òkun ni òun fẹ́ dà. Àwọn olórí ọlọ́ṣà mẹ́ta tí ó bá nílé ọtí gbé ìdánwò mẹ́ta kà á níwájú: kí ó borí ọ̀gá nínú ìjà idà, kí ó jí ère kan nílé gómìnà, kí ó sì wú ìṣúra kan jáde nínú ilẹ̀. Nílé gómìnà ni ìfẹ́ Elaine Marley, tí í ṣe gómìnà fúnra rẹ̀, ti kó sí i lórí. Kò pẹ́ tí LeChuck, iwin ọlọ́ṣà kan, fi jí Elaine gbé lọ sí Erékùṣù Ọ̀bọ, tí Guybrush sì gbéra láti lọ gbà á sílẹ̀.

Orúkọ olú ẹ̀dá ìtàn yìí pàápàá jẹ́ àwàdà. Nígbà tí wọn kò tíì rí orúkọ fún un, ‘guy’ lásán ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà tí a bá pe ènìyàn ní ‘ọ̀gbẹ́ni’. ‘Brush’ sì ni ọ̀rọ̀ tí ètò ìyàwòrán tí wọ́n ń lò nígbà náà fi ń pe irú fáìlì tí àwòrán rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó di orúkọ. Ilé ni Yorùbá ń wò kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Fáìlì ni àwọn wọ̀nyí wò. Àwàdà kékeré yìí bá ìwà rẹ̀ mu, nítorí ẹni tí kò ní orírun ni, tí ó ń wá orúkọ tí ayé yóò mọ̀ ọ́n sí.

Bí a ti hun àwàdà mọ́ iṣẹ́ inú eré náà

Nínú ọ̀pọ̀ eré kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Ẹ̀dá ìtàn yóò sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kan, lẹ́yìn náà ni aṣeré, ìyẹn ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò padà sí ìjà rẹ̀. Nínú The Secret of Monkey Island, ẹ̀rín gan-an ni iṣẹ́. Àpẹẹrẹ mẹ́rin yóò tó wa.

Èkíní ni ìjà idà. Agbára apá kọ́ ni a fi ń borí nínú rẹ̀, ẹnu ni. Ọlọ́ṣà kan yóò bú Guybrush. Bí Guybrush bá mọ èsì tí ó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú èébú náà, ọwọ́ rẹ̀ yóò ròkè. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò máa fà sẹ́yìn. Kò sí ibi tí aṣeré ti lè kọ́ èsì wọ̀nyí ju kí ó máa bá àwọn ọlọ́ṣà pàdé lójú ọ̀nà, kí wọ́n bú u, kí wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Orson Scott Card, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, bá wọn lọ́wọ́ sí ìkọ̀wé àwọn èébú náà. Ìgbà tí aṣeré bá dé iwájú Carla, ọ̀gá nínú ìjà idà, ni ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ yóò tó yọ. Carla kì í bú ènìyàn ní èébú tí àwọn ti ojú ọ̀nà ń lò. Èébú tuntun ni yóò yọ jáde. Àwọn èsì àtijọ́ ni yóò sì ṣẹ́gun rẹ̀, bí aṣeré bá lè ronú èyí tí ó bá èyí mu. Ẹni tí ó há èébú àti èsì sórí bí àkọ́sórí yóò kùnà. Ẹni tí ó lóye ìdí tí èsì kan fi dáhùn èébú kan ni yóò borí. Kò sí olùkọ́ tí kò ní í fẹ́ fi èyí ṣe ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò.

Èkejì ni ìṣẹ̀lẹ̀ abẹ́ omi. Wọ́n so Guybrush mọ́ ère wúwo, wọ́n sì jù ú sínú òkun. Ọ̀bẹ, ayùn àti onírúurú ohun mímú mìíràn wà káàkiri ìsàlẹ̀ omi níbẹ̀, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ kò gùn dé ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn. Aṣeré yóò ronú títí. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kí Guybrush gbé ère náà dání, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ti sọ ṣáájú pé òun lè mú èémí dúró fún ìṣẹ́jú 10. Bí aṣeré bá jókòó wò ó fún ìṣẹ́jú 10, Guybrush yóò kú lóòótọ́, àwọn àṣẹ tí ó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà yóò sì yí padà di ohun tí òkú lè ṣe, bíi kí ó léfòó, kí ó wú, kí ó jẹrà. Ọ̀kan tí wọ́n fi kún un ni pé kí aṣeré ra ìwé ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe eré náà. Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín ni. Kí àwọn òǹkàwé wa fi ìwé ìrànlọ́wọ́ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé.

Ẹ̀kẹta ni ti kùkùté igi. Díìsì pẹlẹbẹ mélòó kan ni eré náà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, aṣeré a sì máa yọ ọ̀kan kí ó tó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Bí Guybrush bá yẹ kùkùté kan wò nínú igbó, yóò ní ihò kan wà níbẹ̀ tí ó lọ sí abẹ́ ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò sì béèrè díìsì kejìlélógún, àti àwọn mìíràn tí nọ́ńbà wọn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí irú díìsì bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Àwọn ènìyàn kò mọ̀ pé àwàdà ni. Wọ́n ń tẹ ilé iṣẹ́ náà láago pé díìsì àwọn kò pé. Wọ́n yọ àwàdà náà kúrò nínú àwọn ẹ̀dà tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nínú eré kejì, tí ó jáde ní ọdún 1991, Guybrush rí tẹlifóònù nínú igbó, ó sì lè fi pe ilé iṣẹ́ náà láti béèrè ẹni tí ó gbé àwàdà kùkùté yẹn kalẹ̀. Ẹ̀rín ọdún kan ti di àárò ọdún kejì.

Ẹ̀kẹrin ni ti Elaine. Ìtàn àtijọ́ ti kọ́ wa láti retí ọkùnrin tí yóò lọ gba obìnrin sílẹ̀. Guybrush la òkun kọjá, ó fara da ìyà, ó já wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí LeChuck ti ń ṣe ìgbéyàwó. Ọ̀bọ méjì ni ó wà nínú aṣọ ìyàwó. Elaine ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ṣètò bí ẹ̀pa yóò ṣe pa LeChuck. Guybrush tí ó wá gbà á ni ó da ètò náà rú. Àwàdà yìí fi ọwọ́ kan àléébù ìtàn àtijọ́ láìbú ìtàn àtijọ́.

Bí àárò ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà

Ohun kan wà tí àwọn olólùfẹ́ eré yìí máa ń gbàgbé. Eré ọdún 1990 náà jẹ́ ọmọ àárò. Ní Disneyland, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Kalifóníà, ọkọ̀ ojú omi kan wà láti ọdún 1967 tí ń gbé ènìyàn kọjá láàrin àwọn ère ọlọ́ṣà orí òkun tí ẹ̀rọ ń mú mira. Gilbert ti ṣàlàyé pé ohun tí ó wu òun ni kí òun lè bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, kí òun wọ inú ayé tí ọkọ̀ kàn ń gbé òun kọjá. Ó tún jẹ́wọ́ pé òun kọ́gbọ́n lára On Stranger Tides, ìwé ìtàn tí Tim Powers kọ ní ọdún 1987. Nítorí náà, ẹni tí àárò Monkey Island ń sọ, àárò ohun tí àárò bí ni ó ń sọ ọ́.

Ìparí eré kejì ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Bí Guybrush àti LeChuck ti ń jìjàkadì, a ṣàdédé rí wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọdé méjì nínú ọgbà ìgbafẹ́, tí òbí wọn ń bá wọn wí. Ṣé ìran ọmọdé ni gbogbo ìtàn náà ni? Ṣé oògùn LeChuck ni? Gilbert kò dáhùn. Ó fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1992. Àwọn mìíràn ṣe eré kẹta ní ọdún 1997, wọ́n ṣe ìkẹrin ní ọdún 2000 àti ìkarùn-ún ní ọdún 2009. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọdún 1991 kò kúrò lọ́kàn àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Ọdún 2009 kan náà ni wọ́n tún àwòrán eré àkọ́kọ́ yà. Wọ́n fi ọgbọ́n kan sí i: aṣeré lè tẹ ohun kan ṣoṣo kí àwòrán tuntun parẹ́, kí ti àtijọ́ sì rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó yà lẹ́nu nígbà tí wọ́n rí i bí àwòrán àtijọ́ ti rí gan-an, nítorí ọkàn wọn ti ń tún un kùn láti ọdún wọ̀nyí wá.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2022, ọjọ́ tí àwọn Òyìnbó fi ń tan ara wọn jẹ, Gilbert kéde pé òun ń ṣe Monkey Island mìíràn. Kò ṣe àwàdà ọjọ́ yẹn rí láti ọdún méjìdínlógún, nítorí náà àwọn ènìyàn rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó fi òótọ́ pa mọ́ sínú aṣọ irọ́, kí òótọ́ lè dùn.

Inú dídùn náà kò pẹ́. Ní ọdún 2013, Gilbert ti kọ ọ́ pé bí òun bá tún ṣe irú eré yìí, àwòrán rẹ̀ yóò fara jọ ti àtijọ́. Ní ọdún 2017, ó lo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú Thimbleweed Park. Nígbà tí wọ́n wá rí àwòrán eré tuntun, tí Rex Crowle darí, tí kò sì jọ ti àtijọ́, àwọn kan fárígá. Èébú tí wọ́n rọ̀jò rẹ̀ pọ̀ dé bi pé Gilbert ti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fèsì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa, ó sì ní òun kò ní í sọ ohunkóhun nípa eré náà níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní àrògún. Àwọn tí eré yìí kọ́ ní èébú ọlọ́gbọ́n ni wọ́n ń bú ẹni tí ó kọ́ wọn, láìsí ọgbọ́n, láìsí ẹ̀rín. Kí ni wọ́n ń bèèrè? Wọ́n ní kí ó lo àwòrán àtijọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1990, àwọ̀ 16 péré ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní, nítorí pé ohun tí kọ̀ǹpútà ìgbà náà lè gbé nìyẹn. Ohun tí ó dára jù tí ọwọ́ wọn tó ni àwọn olùṣe lò. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n padà sí i ń ní kí wọ́n sọ àìní àná di òfin òní. Àpẹẹrẹ àárò olójú kan gan-an nìyí: ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹni tí ó ṣe é tún ṣe nǹkan kan mọ́. Bí a kò bá ṣọ́ra, àwa olùkọ́ náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn òǹkọ̀wé wa. A ó ní ìwé àkọ́kọ́ ni ìwé, a ó sì sé ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo èyí tí ó tẹ̀ lé e láìkà á.

Àpadàbọ̀: bí àwàdà ṣe la ojú kejì

Bí Return to Monkey Island ti bẹ̀rẹ̀, inú ọgbà ìgbafẹ́ ọdún 1991 ni a bá ara wa. Aṣeré yóò rò pé èsì tí òun ti ń retí fún ọdún 31 ti dé. Kò pẹ́ tí yóò fi hàn pé àwọn ọmọdé kan ni wọ́n ń fi ìtàn àtijọ́ náà ṣeré, tí wọ́n ń yí i padà bí ó ti wù wọ́n. Boybrush, ọmọ Guybrush, wà lára wọn. Bàbá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítòsí, òun ni yóò sì máa pa ìtàn tí ó kù fún ọmọ rẹ̀. Gbogbo eré náà wá di ìtàn tí bàbá ń pa fún ọmọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó sídìí àlọ́ rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Apàlọ́ a máa bù mọ́ ọn, a sì máa bù kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ náà yóò pa á bí ó bá ti yé e. Òótọ́ ìtàn kò sí nínú pé kí a má yí ọ̀rọ̀ kan padà.

Lẹ́yìn èyí, Guybrush padà sí erékùṣù Mêlée. Ilé ọtí ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti gba ipò lọ́wọ́ àwọn olórí ọlọ́ṣà mẹ́ta tí ó fún un ní ìdánwò nígbà náà. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn ti di ẹlẹ́ja. Carla tí ó kọ́ wa ní ìjà idà ti di gómìnà. Bí a ti ń rẹ́rìn-ín sí olórí ọlọ́ṣà tí ó ń ta ẹja ni a ń rí i pé ọjọ́ ti lọ, àti pé Guybrush pàápàá ti ń di ẹni àná lójú àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo ìdí tí ó fi ń wá Àṣírí náà ni pé kò tíì rí i láti ìgbà èwe. Bí Elaine ti ń bá a rìn ní ìgbẹ̀yìn, ó rọra ń béèrè àwọn ohun tí ó ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà nítorí ìwákiri yìí. Kò bínú, kò sì pariwo. A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì há wa lọ́fun. Ìbéèrè kan náà ni eré ń bi aṣeré: kí ni ìwọ náà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí pé o fẹ́ kí àná padà wá?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìwé ìrànlọ́wọ́. Ní ọdún 1990, àwàdà nípa owó ni, òkú abẹ́ omi ni wọ́n sì fi ta á. Ní ọdún 2022, ìwé ìrànlọ́wọ́ wà nínú ẹrù Guybrush fúnra rẹ̀, aṣeré lè ṣí i nígbàkigbà, kò sì ní í san kọ́bọ̀. Àwàdà àtijọ́ ti di àánú. Àwọn olùṣe mọ̀ pé àwọn ọmọ tí ó lè fi oṣù mẹ́ta ronú lórí àdììtú kan ti di òbí tí kò ní ju wákàtí kan lọ lálẹ́. Ohun tí àárò olójú méjì ń ṣe nìyí: ó mú ohun àtijọ́, ó sì tún un ṣe fún ẹni tí a jẹ́ nísinsìnyí.

Ìparí eré náà ni ó fa àríyànjiyàn jù. Guybrush lé LeChuck gba ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn kọjá, ó sì bá ara rẹ̀ láàrin ọgbà ìgbafẹ́ tí àwọn ọlọ́ṣà inú rẹ̀ jẹ́ ère ẹlẹ́rọ. Nígbà tí ó ṣí àpótí Àṣírí tí a ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ láti ọdún 1990, tí-ṣẹ́ẹ̀tì kan ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n tan àwọn jẹ. Lójú tiwa, kò sí ibi tí àwàdà eré náà ti jinlẹ̀ tó ibí yìí. Kí ni ènìyàn ń rà bí ó bá ń jáde kúrò nínú ọgbà ìgbafẹ́? Ohun ìrántí ni. Àwọn olólùfẹ́ ti ń bèèrè ìrántí fún ọdún 31. Wọ́n fún wọn ní ohun ìrántí. Ìtàn náà sì padà sí ibi tí ó ti ṣẹ̀, sí ọgbà tí Gilbert ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni a padà sórí bẹ́ǹṣì. Inú ọmọ kò dùn sí ìparí náà, ó fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Aṣeré ni yóò yan èsì tí bàbá yóò fún un. Elaine dé, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó lọ, Guybrush sì dá jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí àwàdà kankan níbẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ẹ̀rín sì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán.

Àléébù

Eré náà kò ṣàìní àléébù. Lóòótọ́, wọ́n ṣe ìwé àkójọ ìrántí kan sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí Guybrush ti ń sọ ìtàn àwọn eré ìṣáájú. Ṣùgbọ́n a lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún ènìyàn, a kò lè sọ àárò fún un. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí eré yìí yóò rẹ́rìn-ín sí ẹlẹ́ja mẹ́ta náà, kò sì ní í mọ ohun tí ó sọnù. Èkejì, eré náà bẹ̀rù àti sunkún. Ní ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dun ni wọnú eegun, ẹnì kan yóò ti sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, àfi lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn nìkan. Ẹ̀kẹta, ó di ẹrù ru èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìjà idà ọdún 1990 dá lórí bí ọ̀rọ̀ kan ti lè ní ìtumọ̀ méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e wá sí Yorùbá yóò ní láti da èébú àti èsì tuntun, nítorí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yóò pa ẹ̀rín inú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi àwọn olùṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kí lámèyítọ́ tí í ṣe Yorùbá mọ̀ ọ́n, kí ó sì sọ ọ́.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àárò àti àwàdà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ méjì tí a kàn lẹ̀ mọ́ Return to Monkey Island lára. Àárò ni ó gbé ìtàn náà, àwàdà ni kò jẹ́ kí ó ṣìnà. Kùkùté, ìwé ìrànlọ́wọ́, àwọn olórí tí ó di ẹlẹ́ja, àti tí-ṣẹ́ẹ̀tì inú àpótí, gbogbo wọn ni ó pa wá lẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ni ó sì sọ fún wa pé àná ti lọ. Ibi tí àwọn olólùfẹ́ ti kọ àwàdà sílẹ̀ ní ọdún 2022, tí wọ́n di àárò nìkan mú, ìbínú ni ó bí.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó jíròrò lórí ipa àwàdà nínú iṣẹ́ kan má ṣe ka ibi tí ó ti rẹ́rìn-ín fún wa. Kí ó sọ ohun tí ẹ̀rín náà ń ṣe níbẹ̀, ẹni tí ó ń bá a rẹ́rìn-ín, àti òótọ́ tí ìbá ṣòro láti sọ bí kò bá sí ẹ̀rín. Bí iṣẹ́ náà bá sì jẹ́ èyí tí ó ti fẹ́ràn láti kékeré, kí ó fi ojú kejì wò ó kí ó tó gbé kálámù. Bí Carla bá yọ èébú tuntun sí i, àkọ́sórí kò ní í gbà á.